Bí ẹ ṣe máa yan mọ́tò asáré onílẹ̀kùn méjì tí táyà ẹ̀yìn ń tì, tówó ẹ̀ ò ní pa yín lára

Lọ́dún tó kọjá, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko lèmi àti àbúrò mi fi kiri Maryland dé Virginia, à ń wa mọ́tò wò. Ó ti tọ́jú owó fún ọdún méjì, ó ní Camry ti sú òun, òun ò dẹ̀ fẹ́ jíìpù, mọ́tò asáré onílẹ̀kùn méjì lòun fẹ́, táyà ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ máa tì í, kó má dẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa kó òun sí gbèsè dé ọrùn. Gbogbo ibi tá a dé, ìbéèrè kan náà ló máa kọ́kọ́ bi dílà: ẹṣin mélòó (ìyẹn horsepower, ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) ló wà nínú ẹ̀? Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti jáwọ́ nínú ìbéèrè yẹn, torí pé mọ́tò tí ẹṣin ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré jù nínú gbogbo èyí tá a wà ni kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń bi mí bá a ṣe ṣe é, torí náà ẹ jẹ́ n tò ó bá a ṣe tẹ̀ lé e.

Àwọn tá a gbé yẹ̀ wò nìyí: Scion FR-S tó padà di Toyota 86, àti ìbejì ẹ̀ tó ń jẹ́ Subaru BRZ (ìbejì gidi ni wọ́n o, iléeṣẹ́ Subaru kan náà ní Gunma, ní Japan, ló ń bí àwọn méjèèjì), GR86 tó jáde ní 2022, Hyundai Genesis Coupe, Nissan 370Z, àti Ford Mustang láti 2015 sókè. Mazda MX-5 náà wà níbẹ̀, òun ò pé ní coupe (onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé ẹ̀ le) torí òrùlé tiẹ̀ máa ń ká, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò asáré olówó pọ́ọ́kú tí ò dárúkọ MX-5, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Fún ẹni tí ò mọ ìdí tá a fi ń pariwo táyà ẹ̀yìn: nínú Corolla àti Camry, táyà iwájú ló ń fa mọ́tò, táyà iwájú yẹn náà ló tún ń yà sọ́tùn-ún sósì, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀. Nínú àwọn tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìn ló ń tì, iwájú kàn ń darí ni, bí ẹni tó ń ti ọmọlanke látẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wọ kọ́nà tẹ́ ẹ wá tẹ tọ́tù díẹ̀, ìdí yín ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ojú yín tó rí i. Ohun tá à ń wá náà nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó wo mọ́tò kankan

Ẹ mú bébà kẹ́ ẹ kọ ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn ún ṣe, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń lọ gbé Màámi ní eapọ́ọ̀tù BWI pẹ̀lú báàgì ńláńlá tí èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí kún inú ẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ ń gbé kúlà ìrẹsì lọ sí òde ní Saturday? Torí 370Z, ìjókòó méjì péré ló ní, kò sí ẹ̀yìn rárá. 86 ní ìjókòó ẹ̀yìn lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọmọdé tàbí báàgì ló lè jókòó síbẹ̀, àgbàlagbà tó bá wọ ibẹ̀, orúnkún ẹ̀ máa wà ní àgbọ̀n ẹ̀ ni. Genesis Coupe sàn díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹni tó bá ga, orí ẹ̀ máa kan gíláàsì ẹ̀yìn. Mustang ló fẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, búùtù ẹ̀ gba 13.5 cubic feet, ti Genesis gba 10, ti 86 àti 370Z ò ju nǹkan bíi 7 lọ, ìyẹn ni pé búùtù Mustang fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì tiwọn. Àmọ́ ohun kan wà tó dára nípa 86 tí àwọn èèyàn ò mọ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀ lulẹ̀, ó máa gba táyà mẹ́rin pẹ̀lú ríìmù wọn, torí ẹni tó fẹ́ lọ sí pápá ìsáré kó lè gbé táyà mìíràn dání ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ béèrè ìnṣọ́ránsì. Kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti nífẹ̀ẹ́ mọ́tò tán o, ṣáájú ni. Ẹ mú VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) mọ́tò tó wà lójú yín, ẹ fún iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mẹ́ta, kí wọ́n bu iye tí wọ́n máa gbà lóṣù fún yín. Ẹ̀rù ba àbúrò mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ béèrè ti Mustang GT, torí ọ̀dọ́ ni, kò dẹ̀ tíì gbéyàwó, wọ́n sì mọ irú àwọn tó ń fi mọ́tò yẹn gbá ògiri. Ọjọ́ yẹn gan-an ni GT kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ dílà kankan.

Yìnyín náà nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston tàbí Atlanta lè fo ibí yìí, ṣùgbọ́n àwa tá a wà ní Maryland, Chicago, Toronto, ẹ fi owó táyà òtútù kún owó mọ́tò yín látìbẹ̀rẹ̀. Táyà ẹ̀ẹ̀rùn tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ àwọn mọ́tò yìí máa ń gan bíi ike tí òtútù bá ti wọlé tó sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bíi 45 Fahrenheit, kò ní di ilẹ̀ mú mọ́ kódà kí yìnyín má tíì já. Táyà ẹ̀yìn tó ń tì wá ń yọ̀ lórí yìnyín, kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa fẹ́ kọ́ lójú ọ̀nà I-95.

Agbára: ẹ má ka ẹṣin, ẹrù orí ẹṣin ni kẹ́ ẹ kà

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn tó ń tajà máa sọ fún yín pé ẹṣin 300, ẹṣin 350, ẹ sì máa lanu. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó gbé àpò ìrẹsì kan àti ẹṣin tó gbé àpò mẹ́ta, ṣé wọ́n lè jọ sáré ni? Torí náà ẹ pín ìwúwo mọ́tò sí iye ẹṣin ẹ̀, kẹ́ ẹ wo kílò mélòó ló wà lórí ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe kéré sí ni mọ́tò ṣe máa yá sí.

FR-S ti 2013 ní ẹṣin 200, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,250, ẹrù orí ẹṣin kan jẹ́ kílò 6.25. Genesis Coupe 2.0T ti 2013 ní ẹṣin 274, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,525, ẹṣin kan ń gbé 5.6. Ẹ wá wo GR86, ẹṣin 228, kílò bíi 1,275, ẹṣin kan ń gbé 5.6 náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹṣin 46 ni Genesis yẹn fi ju GR86 lọ lórí bébà, síbẹ̀ ẹrù orí wọn dọ́gba. Owó ẹṣin mẹ́rìndínláàádọ́ta yẹn, irin tó pọ̀ lára Genesis ti jẹ ẹ́ tán. Mustang EcoBoost ti 2015 ní ẹṣin 310, kílò bíi 1,600, ẹrù ẹ̀ jẹ́ 5.2. Genesis 3.8 tó ní ẹṣin 348 ń gbé nǹkan bíi 4.6, 370Z tó ní ẹṣin 332 tí ò dẹ̀ ju nǹkan bíi kílò 1,500 lọ ń gbé 4.5, nígbà tí Mustang GT tó ní ẹṣin 435 bọ́ sí 3.9. MX-5 ti 2016 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹṣin 155 péré, kílò bíi 1,060, ẹrù ẹ̀ jẹ́ 6.8, àmọ́ ní 2019 wọ́n gbé e dé ẹṣin 181, ẹrù ẹ̀ wá di 5.9. Ẹ fi kakulétọ̀ fóònù yín ṣe é fún mọ́tò èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí, ìṣẹ́jú kan kọ́.

Èkejì ni agbára ìfà, ohun tí wọ́n ń pè ní torque. Ẹṣin ló ń sọ bí mọ́tò ṣe máa sáré tó tó bá ti wà lórí eré, agbára ìfà ló ń sọ bó ṣe máa fò dìde nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù ní tráfíìkì. FR-S ní 151 pound-feet, kò sì fún yín ní gbogbo ẹ̀ àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí tó bí ìgbà 6,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Yàtọ̀ síyẹn, kòtò kan wà láàárín 3,500 sí 4,500, ẹ máa tẹ tọ́tù, mọ́tò á kàn máa wò yín. Gbogbo ẹni tó ti wa mọ́tò yẹn ló mọ kòtò yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe GR86, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 rọ́pò 2.0, agbára ìfà ẹ̀ di 184, ó dẹ̀ ti pé ní 3,700, ìyẹn ni pé wọ́n dí kòtò yẹn pa. Kì í ṣe ẹṣin 28 tó lé ló yí mọ́tò yẹn padà lójú tèmi, kòtò tó kúrò níbẹ̀ ni.

Àwọn tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì), EcoBoost àti Genesis 2.0T, tiwọn yàtọ̀. EcoBoost ní 320, ó lé ní ìlọ́po méjì ti FR-S, Genesis 2.0T ní 275. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ máa dúró díẹ̀ kí tọ́bò mí sínú, tó bá wá dé, ó máa gbá yín mọ́ ìjókòó. Ó dára ní máróṣẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá tírélà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún epo o, ẹṣin 274 tí Hyundai kọ síbẹ̀, epo premium ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, tẹ́ ẹ bá da epo lásán sí i, 260 lẹ máa rí. Iye owó epo yẹn lọ́dún kan, ẹ kọ ọ́ sí bébà tó ṣáájú.

370Z kò ní tọ́bò, ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.7 ni, ó máa ń yí dé 7,500, agbára ìfà ẹ̀ jẹ́ 270. Ó wà níbẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá pè é, kò ní kẹ́ ẹ dúró. Àwọn mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ mọ ìdílé ẹ́ńjìnnì yẹn bí ẹni mọ owó torí àwọn Infiniti FX tó kún Èkó, inú ìdílé VQ yẹn ni ẹ́ńjìnnì wọn ti wá. Ẹni tó bá ń ronú pé lọ́jọ́ kan òun máa gbé mọ́tò òun lọ sílé, kó fi èyí sọ́kàn, kó sì fi sọ́kàn pé gbogbo mọ́tò tí mo ń dárúkọ yìí ló sún mọ́lẹ̀, kòtò ojú ọ̀nà máa gba bọ́ńpà ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bó ṣe ń yà, bó ṣe ń dúró: ẹ fi ara yín wà á

Kò sí ìwé tó lè sọ ibí yìí fún yín, mi ò lè sọ ọ́ fún yín tán náà. Ẹ ní láti wà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí èèyàn ń gbà wa mọ́tò wò tó máa fi rí òótọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń yí bílọ́ọ̀kì kan po, wọ́n á tan rédíò, wọ́n á ní ó dùn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ atẹ́gùn táyà wò kẹ́ ẹ tó gbéra. Atẹ́gùn tó kù díẹ̀ káàtó máa sọ mọ́tò dáadáa di ọ̀lẹ, tó bá dẹ̀ pọ̀ jù, mọ́tò rírọ̀ máa di òkúta. Ẹ wo orúkọ táyà náà, ẹ wo bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ara wọn. Ẹ pa rédíò. Ẹ sún ìjókòó títí ọwọ́ yín á fi lè gbé ọrùn ọwọ́ lé orí sítíárì láì na ẹ̀yìn.

Ibi tẹ́ ẹ nílò kò pọ̀: ojú ọ̀nà tí ò dáa tó ní kòtò díẹ̀, ráńdábáòtù kan, ibi tí wọ́n ti ń yí wọ máróṣẹ̀ tó rí roboto, àti ojú ọ̀nà tààrà tí kò séèyàn lẹ́yìn yín. Eré tí wọ́n kọ sójú pátákó lẹ bá lọ, ó ti tó. Nínú ráńdábáòtù, ẹ di sítíárì mú síbì kan náà kẹ́ ẹ wo bóyá iwájú ń fẹ́ máa sá jáde, tàbí ó ń wọlé bẹ́ ẹ ṣe ní kó wọlé. Ní ibi tó rí roboto, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kúrò lórí tọ́tù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ bí ẹ̀yìn ṣe ń dáhùn. Lójú ọ̀nà tààrà, ẹ tẹ búrékì le, kẹ́ ẹ wo bóyá ó ń fà sápá kan. Ẹ má pa traction control (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà yọ̀) o, ojú títì kì í ṣe pápá ìsáré, mọ́tò náà kì í ṣe tiyín.

Ohun tá a rí nìyí. 86, èyí tó ti pẹ́ àti tuntun, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ni, àwọn písítìnì ẹ̀ ń na sọ́tùn-ún sósì dípò kí wọ́n máa na sókè, ìyẹn ni ìwúwo ẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ gan-an. Ẹ yí sítíárì bí ìdajì ìka, imú ẹ̀ ti lọ. Differential onídìímú wà lẹ́yìn ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yí lásán kí èkejì máa wòran. Táyà tí wọ́n fi sí FR-S nílé iṣẹ́ kò fẹ̀ rárá, mílímítà 215 ni, Michelin Primacy, irú táyà tí wọ́n ń fi sí Prius, àwọn èèyàn bú wọn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí táyà tó dìmọ́lẹ̀ níwọ̀nba ni wọ́n fẹ́, kí èèyàn lè gbádùn mọ́tò náà ní eré tí ọlọ́pàá ò ní dá a dúró. Mọ́tò tó bá jẹ́ pé 100 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, níbo lẹ ti fẹ́ wà á?

Genesis wúwo níwájú. Ẹ máa gbọ́ ọ nínú ráńdábáòtù yẹn, imú ẹ̀ máa fẹ́ jáde díẹ̀, jíà ẹ̀ dẹ̀ máa ń le lọ́wọ́. Àmọ́ èyí tó bá jẹ́ R-Spec tàbí Track ní búrékì Brembo àti differential onídìímú, tẹ́ ẹ bá ń wá Genesis, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ wá, ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀.

370Z kúrú láti táyà iwájú dé ẹ̀yìn, ó fẹ̀, ó le. Ó máa ń fò sínú kọ́nà bí ológbò, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ ojú títì lẹ máa gbọ́ nínú etí yín, ariwo táyà ẹ̀ pọ̀ débi pé àbúrò mi ń pariwo kí n tó gbọ́ ọ. Ohun kan wà nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: tẹ́ ẹ bá ń já jíà sílẹ̀ nínú èyí tó ní Sport package, mọ́tò fúnra ẹ̀ ló máa gbé ẹ́ńjìnnì sókè kó bá jíà mu, Nissan ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde, ní 2009. Ẹni tó ń kọ́ mánúwà máa dúpẹ́.

Mustang yà mí lẹ́nu. Èyí tó wà ṣáájú 2015, irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan bá bọ́ sí kòtò, èkejì máa mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ẹ̀ á fò nínú kọ́nà. Láti 2015 wọ́n ti ya táyà ẹ̀yìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ló fi lè wọ kọ́nà tí ò dáa láì gbọ̀n. EcoBoost tún dáa ju GT lọ níbí yìí torí ẹ́ńjìnnì kékeré ló wà nímú ẹ̀. Ó kàn fẹ̀ ni, ó lé ní mítà 1.9, ojú ọ̀nà tóóró kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀.

A gbé gbogbo eléyìí dé Skyline Drive ní Virginia lọ́sẹ̀ kẹta, nínú 86 ti 2017 tí dílà kan yá wa fún ọjọ́ kan. Eré 35 mílì ni wọ́n fàyè gbà níbẹ̀. Ní 35 yẹn, kọ́nà lé kọ́nà, fèrèsé ṣí, ewé ń já bọ́, àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ẹ mọ̀ pé kò rọrùn kí ọmọ yẹn dákẹ́.

Ẹwà: ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn, ẹ má sì fojú kéré ẹ̀

Mi ò gba ti àwọn tó máa ń sọ pé ìrísí ò ṣe nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò sílẹ̀ tẹ́ ò bojú wẹ̀yìn wò ó kẹ́ ẹ tó wọlé, kí lẹ tún ń san owó lé e lórí fún? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn, torí tó bá kọ́kọ́ wọlé, ojú yín máa fọ́ sí gbogbo ìyókù. Àdánwò tèmi kò le: ẹ lọ wò ó ní irọ̀lẹ́, ẹ rìn yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn ò fi nǹkan kan pa mọ́.

86 ní imú gígùn tó rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀ yẹn, ẹ lè rí fẹ́ńdà méjèèjì láti ibi tẹ́ ẹ jókòó, ìyẹn náà ń bá yín darí ẹ̀. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú nǹkan jáde lára Toyota 2000GT àtijọ́, orúkọ ẹ̀ sì wá láti ara Corolla AE86 ti 1983. Kódà ihò písítìnì ẹ́ńjìnnì FR-S jẹ́ 86 mílímítà, ibi tí písítìnì ń nà dé jẹ́ 86 mílímítà náà. Ẹni tó ronú kan irú ẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀.

370Z, iná iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ara ẹ̀ sì yọ bíi 240Z tó dé Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1970, òun ló máa pẹ́ jù kó tó gbó lójú. Mustang, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n láti April 1964, iná mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà, wọ́n á tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹ máa rí mẹ́ta míì kẹ́ ẹ tó délé. Genesis láti 2013 ní ihò méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kankan ò gbà kọjá, ike lásán ni, inú mi ò dùn sí irú ẹ̀, ohun tí ò ṣiṣẹ́ ò yẹ kó wà lára mọ́tò asáré. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi tí fèrèsé ẹ̀yìn ti já sílẹ̀ yẹn ló wù mí.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ tẹ VIN sí ojú ewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú títì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ó máa sọ fún yín bí ìpè àtúnṣe kankan bá wà tí wọn ò tíì ṣe. Èyí ṣe pàtàkì fún FR-S àti BRZ ti 2013, torí ní 2018 wọ́n pè wọ́n padà nítorí sípíríìnì fáàfù. Iṣẹ́ yẹn le, wọ́n ní láti tú ẹ́ńjìnnì, àwọn kan sì wà tí ẹ́ńjìnnì wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe tán, torí náà ẹ béèrè bébà iṣẹ́ yẹn, ẹ wo ìgbà tí wọ́n ṣe é, ẹ wo iye mílì tó ti rìn látìgbà náà. Tó bá ti rìn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún láì ṣe nǹkan kan, ọkàn tèmi máa balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn kan bíi ti ìrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ má sá, pọ́ǹpù epo ẹ̀ ló máa ń ké bẹ́ẹ̀.

370Z mánúwà, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní ìgbà mẹ́wàá léraléra kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń rọ̀ tàbí ó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì yẹn wà nínú jíà lọ́hùn-ún, ó máa ń jò, kí wọ́n tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ wọ́n ní láti sọ gbogbo jíà kalẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ti pààrọ̀ ẹ̀, kó mú risíìtì wá. EcoBoost, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà yí agbára ẹ̀ padà, tí wọ́n bá ti ṣe é, ẹ wá òmíràn, èyí tí ẹnìkan ò fọwọ́ kàn pọ̀.

Fún gbogbo wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo inú fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Rọ́bà táyà tó yọ́ tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ń sọ fún yín pé wọ́n ti fi mọ́tò yìí yí kiri nínú pákì lóru. Táyà ẹ̀yìn tuntun méjì, iwájú ti gbó, ìyẹn náà ń sọ nǹkan. Ẹ fọwọ́ kan àwọn bóòtù tó mú fẹ́ńdà, tí ọ̀dà ẹ̀ bá ti họ, wọ́n ti tú u rí, ó ti gbá nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a rí Genesis 3.8 kan tó mọ́ tónítóní, owó ẹ̀ kéré, ẹni tó ń tà á ní kò gbá nǹkan rí, mẹkáníìkì wa gbé e sókè ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fi hàn wá ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin lábẹ́. Owó tá a san fún mẹkáníìkì yẹn lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ ká pàdánù ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan. Ẹ má ra mọ́tò kankan tí ẹni tó ń tà á ò jẹ́ kí mẹkáníìkì tiyín gbé sókè, ohun yòówù kó máa sọ.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tàbí ọ̀nà máróṣẹ̀ gígùn lẹ ń lọ lójoojúmọ́, Mustang EcoBoost láti 2015, kẹ́ ẹ má wojú wẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, tẹ́ ẹ fẹ́ agbára àti ohùn ẹ́ńjìnnì, tẹ́ ẹ sì lè fara da ariwo, 370Z. Genesis 3.8 R-Spec jẹ́ agbára ńlá fún owó kékeré, ṣùgbọ́n 2016 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa bá yín wá àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á. MX-5 fún ẹni tó ní mọ́tò mìíràn nílé. Fún gbogbo ìyókù, ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò ní ti gidi, 86 ni mo máa sọ, GR86 tí owó bá tó (27,700 dọ́là ni wọ́n ń ta èyí tó rẹlẹ̀ jù nígbà tó jáde ní 2022), tàbí Toyota 86 láti 2017, níbi tí mánúwà ẹ̀ ti di ẹṣin 205, tí ẹ ò dẹ̀ ní dé ibi ọ̀rọ̀ sípíríìnì fáàfù rárá.

Àbúrò mi mú 86 ti 2017, mánúwà, aláwọ̀ pupa. Kò mọ mánúwà wà dáadáa, torí náà ìrọ̀lẹ́ Sunday mẹ́ta la lò nínú pákì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn kó tó gbé e jáde sí títì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà àti ti differential, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí èèyàn ò mọ ìgbà tí ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ ṣe é. A yí omi búrékì padà. A gbé e lọ fún wheel alignment (títún ìdúró táyà ṣe), táyà iwájú ọ̀tún ẹ̀ ti ń jẹ ní inú díẹ̀. Táyà òtútù mẹ́rin tó rà wà ní gáráàjì mi báyìí, November la máa gbé wọn sí i.